Títẹ ikùn nígbà X-ray báríọ̀mù: báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí aláìsàn kì í fi í ké?

Kẹ́miYàráDúdú | Ajé, 7:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọdún ìkọ́ṣẹ́ ni mo wà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi dé yàrá fluoroscopy, X-ray tó ń fi inú ara hàn bó ṣe ń mira. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan wá mu báríọ̀mù, ohun mímu funfun tó ń jẹ́ kí ìfun hàn nínú X-ray, fún àyẹ̀wò ìfun kékeré. Bí wọ́n ṣe sọ kóònù ẹ̀rọ, ike tí a fi ń tẹ ikùn, kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó figbe ta, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di kóònù mú. Àwòrán mì. Wọ́n tún un yà, ó tún mì. Nígbà tí èsì máa jáde, dókítà kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpẹ̀kun ìfun kékeré kò hàn tó bó ṣe yẹ.

Mo wo ìwé tí a ń lò. Ó ní ká tẹ ikùn níwọ̀nba. Níwọ̀nba mélòó? Ṣé dandan tiẹ̀ ni ká tẹ̀ ẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá mi sọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe é nídìí ẹ̀rọ.

BàbáÀwòrán | Ajé, 8:03 alẹ́

Kẹ́mi, káàbọ̀. Ayé fíìmù ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a ń fi kẹ́míkà fọ àwòrán nínú òkùnkùn, a sì ń tẹ ikùn nígbà yẹn náà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí ẹ̀, torí ẹni tí kò mọ ìdí tí òun fi ń tẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó yẹ kí òun jáwọ́.

Báríọ̀mù kì í jẹ́ kí X-ray kọjá bọ̀rọ̀. Tó bá gbára jọ sójú kan, ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀ á sápamọ́: kókó kékeré, ojú ọgbẹ́, ibi tí ìfun ti fún. Fojú inú wo òkúta wẹ́wẹ́ nínú abọ́ ẹ̀kọ mímu. Bí ẹ̀kọ bá kún abọ́, ta ló máa rí i? Fi ṣíbí tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sára abọ́, òkúta á yọjú. Iṣẹ́ kóònù kò ju ìyẹn lọ. O kò fẹ́ lé báríọ̀mù kúrò níbẹ̀ tán o, o kàn fẹ́ kó fẹ́lẹ́ ni. Àwọn ọmọ tuntun kì í fẹ́ gbọ́ eléyìí. Wọ́n á tẹ̀ títí ìfun á fi ṣófo, wọ́n á wá ní àwọn ò rí nǹkan kan.

Ìfun kékeré àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi mítà 6, ó sì ká lé ara rẹ̀ lórí. Títẹ̀ ló ń sún ẹ̀ka kan kúrò lórí èkejì. Èyí tó kù jẹ mọ́ ìwọ̀n X-ray: ẹran ara tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 máa ń gba bí ìdajì X-ray tó bá wọ inú rẹ̀. Bí ikùn bá fi sẹ̀ǹtímítà mélòó kan fẹ́lẹ́ sí i lábẹ́ kóònù, ohun tí ẹ̀rọ máa tú jáde á dín kù gan-an, èyí tó ń fọ́n káàkiri tó ń sọ àwòrán di eérú náà á dín kù. Ó dáa fún ojú dókítà, ó dáa fún ara aláìsàn.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ọwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ ń gbé lé ikùn ẹni náà, X-ray ò tíì tàn. Ọwọ́ tó móoru o, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú omi tútù. Mo ń wá ibi tó le, ibi tó ń dùn ún. Mo á sọ fún un pé, "Mà, ike tó wà lókè yẹn máa wá tẹ ikùn yín díẹ̀, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ yìí, kò ní pẹ́." Ìrọ̀rí kékeré lábẹ́ orúnkún, kí iṣan ikùn lè dẹ̀. Lẹ́yìn náà: "Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta, ẹ jẹ́ kó tán." Bí èémí ṣe ń jáde ni kóònù ń sọ̀ kalẹ̀. Ikùn fúnra rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ lákòókò yẹn, ńṣe ni kóònù kàn ń tẹ̀ lé e lọ. "Ẹ má mí." Ya á. Gbé kóònù sókè lójú ẹsẹ̀. "Ẹ máa mí."

Ìgbé sókè yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Mo ti rí ẹni tó fi kóònù sílẹ̀ lórí ikùn èèyàn, tó wá yíjú sẹ́yìn tó ń bá ẹnìkejì jiyàn lórí àwòrán.

Má sì tẹ òkè àpòlúkù láé. Egungun ìhà bò ó, egungun lò ń tẹ̀, aláìsàn á ké lásán, báríọ̀mù ò sì ní mira. Ìsàlẹ̀ àpòlúkù, ẹnu ọ̀nà tó wọ duodenum (ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré), ìfun kékeré tó kù, ibi tí ìfun kékeré ti wọ ìfun ńlá: àwọn ibi tí kóònù wúlò nìyẹn.

ỌmọÈkìtìNíLeeds | Ajé, 9:40 alẹ́

Bàbá ti sọ gbogbo ẹ̀ tán, àmọ́ ẹ jẹ́ n fi ti ibí kún un. Leeds ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kẹ́mi, ṣé ẹ ti gbìyànjú kí aláìsàn dojú bolẹ̀?

Bó bá ti dùbúlẹ̀ báyẹn, ìwúwo ara rẹ̀ ló ń tẹ ikùn, àwọn ẹ̀ka ìfun á fẹ̀ kúrò lára ara wọn láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé nǹkan lé e. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìyẹn nìkan ti tó. Bí ìpẹ̀kun ìfun kékeré bá ṣì sápamọ́, mo á ká tówẹ̀lì róbótó sábẹ́ ikùn lápá ọ̀tún, lókè egungun ìbàdí díẹ̀. Ibòmíràn ní fóòmù tí wọ́n gé fún un. Ibòmíràn tún ní bàlúùnù pẹlẹbẹ tí a ń fi rọ́bà kékeré fọn: wàá tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀, kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, wàá wá fọn ún díẹ̀díẹ̀ nígbà tí o bá ń wo ojú ẹ̀rọ.

Bàlúùnù sàn ju kóònù lọ níbi ìrora, torí kò ní etí tó ń gún èèyàn, ó sì ń tẹ̀ ju ojú kan ṣoṣo lọ. Kóònù ní ti ẹ̀, ojú kan gẹ́lẹ́ ló ń tẹ̀, o sì lè darí rẹ̀ síbi tó o fẹ́. Bí mo bá ń wá nǹkan kékeré lẹ́nu duodenum, kóònù ni. Bó bá jẹ́ láti tú ìfun ká, bàlúùnù tàbí tówẹ̀lì.

Ohun kan tí mo máa ń ṣe: mo ń gbé rọ́bà tí a fi ń fọn ún lé aláìsàn lọ́wọ́, kí ó fọn ún fúnra rẹ̀, kí n máa ní "díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i, ó tó." Níbi X-ray ọmú, ẹ̀rọ ti wà tí obìnrin lè fi rìmóòtù tẹ ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n yìí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè dá a dúró kì í jà.

Dókítà_Àyọ̀ká | Ìṣẹ́gun, 6:25 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni mo ń ka àwòrán tí ẹ ń yà, mo sì fẹ́ ká dúró díẹ̀ kí gbogbo èèyàn tó lọ gbé tówẹ̀lì.

Ẹ ka ìwé tí wọ́n fi rán aláìsàn wá kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá fura pé ìfun ti lu, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fún un ní báríọ̀mù pẹ̀lú. Èyí tó ń yòrò sínú omi, irú Gastrografin, ni wọ́n ń lò. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún nínú ikùn, rárá. Ẹni tí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn rẹ̀ ti wú, rárá. Aboyún, rárá, òun tiẹ̀ kọ́ ló yẹ kó wà lórí tábìlì yẹn àyàfi tí ọ̀rọ̀ bá le gan-an. Ìfun ńlá tó ti wú tó sì ń ṣàìsàn gidi, ẹ fi sílẹ̀. Ìpákè tó rọ̀ síta, ẹ má gbé kóònù lé e lórí.

Èyí tó kàn ni ìrora náà fúnra rẹ̀. Kẹ́mi, ìyá yẹn ké nígbà tí wọ́n tẹ ìsàlẹ̀ ikùn lọ́tùn-ún. Ṣé ó ké nígbà tí wọ́n tẹ ibòmíràn? Níbẹ̀ yẹn ni ikọ́ ife inú ìfun máa ń fẹ́ràn jù, ibẹ̀ náà ni àìsàn Crohn, tó ń mú kí ìfun wú kó sì ní ọgbẹ́, ń mú, ibẹ̀ ni àpẹ́ńdíìsì wà. Bó bá ń dùn ún lójú kan ṣoṣo nígbà gbogbo, èsì àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ràn àwòrán tí kò mọ́ tó, tí wọ́n kọ sí i lára pé "ojú yìí ń dùn ún gan-an", ju àwòrán tó mọ́ tí mi ò mọ ìyà tí aláìsàn jẹ kí wọ́n tó rí i yà.

Tí kò bá ṣeé tẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ẹ dá tábìlì kí orí rẹ̀ lọ sílẹ̀, àwọn ìfun tó wọ inú agbádá ìbàdí á gòkè wá. Ẹ yí ojú túùbù X-ray sí apá ìbàdí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ńṣe ni báríọ̀mù ò tíì débẹ̀. Ẹ dúró, ẹ ní kó rìn yí ká ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ pè é padà lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Bó bá jẹ́ pé ìfun fúnra rẹ̀ ló ń sún kì, abẹ́rẹ́ hyoscine butylbromide, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Buscopan, mílígíráàmù 20 sínú iṣan, máa ń tú u. Dókítà ni yóò pàṣẹ ẹ̀ o: ẹ béèrè nípa ọkàn tó ń sáré, irú àìsàn ojú tí omi inú ojú ń rú sókè lójijì, àti ọkùnrin tí kì í lè tọ̀ dáadáa. Níbi àyẹ̀wò ìfun kékeré, ìparí ni wọ́n ń fún un, torí ó ń dá ìrìn báríọ̀mù dúró.

Ògbójú | Ìṣẹ́gun, 7:51 àárọ̀

Ẹ máa bínú o, àmọ́ ọdún wo la wà? Títẹ ikùn, tówẹ̀lì, bàlúùnù. CT, X-ray tó ń yí ara ká, wà; endoscopy, kámẹ́rà tí a ń ki bọ inú ìfun, wà. Lóòótọ́ wọ́n kọ́ wa ní báríọ̀mù nílé ìwé, wọ́n kọ́ wa ní fíìmù náà, ta ló ń fọ fíìmù mọ́? Mo wà nídìí CT láti ìgbà tí mo ti parí ìkọ́ṣẹ́, mi ò tíì tẹ ikùn ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́ ọmọ yìí ní ohun tó máa bá a jẹun lọ́la.

BàbáÀwòrán | Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Ògbójú, orúkọ ń ro ọmọ.

Dókítà_Àyọ̀ká | Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Ògbójú kò parọ́ tán. Níbi ìfun ńlá, ọ̀rọ̀ ti yí. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Ìlú Ọba tí wọ́n pè ní SIGGAR, ó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lọ́dún 2013. Wọ́n fi CT ìfun ńlá wé báríọ̀mù tí a ń fi sí ìdí, CT sì rí jẹjẹrẹ àti kókó ńlá ju báríọ̀mù lọ. Láti ìgbà yẹn, wọn kì í fẹ́ rí báríọ̀mù ìdí sójú mọ́ lọ́hùn-ún. Èmi náà, tí mo bá ní CT, CT ni mo máa yàn fún ìfun ńlá.

Àmọ́ ìlú tí mo wà báyìí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe endoscopy á wọ ọkọ̀, á sùn ìlú kejì, á san owó tí kò ní. Ẹ̀rọ fluoroscopy wà nílẹ̀ níbí. Nítorí náà ọmọ yìí á tẹ ikùn lọ́la, á tẹ̀ ẹ́ lọ́túnla. Kí ó mọ̀ ọ́n tẹ̀.

CT náà, ẹ kì í tẹ ikùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbi ti ìfun ńlá ẹ ń fọn afẹ́fẹ́ sí ìdí èèyàn, ẹ sì ń yí i kiri. Ìwà tó ń jẹ́ kí aláìsàn fara balẹ̀ fún yín kò yàtọ̀ sí ti Kẹ́mi.

Ògbójú | Ìṣẹ́gun, 2:02 ọ̀sán

Ìyẹn, mo gbà, mà. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn wọlé.

Kẹ́miYàráDúdú | Ìṣẹ́gun, 6:48 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Dókítà, mo padà lọ béèrè, ojú kan yẹn nìkan ló ń dùn ún lóòótọ́, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wa kì í lo kóònù rárá. Ìbọ̀wọ́ òjé ló ń wọ̀, ọwọ́ ló fi ń tẹ̀ lábẹ́ X-ray. Àwọn aláìsàn fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Ṣé kí n kọ́ tirẹ̀?

BàbáÀwòrán | Ìṣẹ́gun, 7:20 alẹ́

Mo mọ irú ọ̀gá yẹn, irú wọn ló kọ́ mi níṣẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ tó mọ ikùn bí ọwọ́ èèyàn. Ọwọ́ ń gbọ́ nǹkan: ó ń mọ̀ pé ikùn ti fẹ́ gan kí aláìsàn tó ké. Bẹ́ẹ̀ náà, má kọ́ ọ.

Òjé inú ìbọ̀wọ́ yẹn tín-ín-rín, bíi mílímítà 0.25 ni ti ọ̀pọ̀lọpọ̀. X-ray tó bá fọ́n wá láti ẹ̀gbẹ́ ló wà fún. Kò wà fún kí o ti ọwọ́ bọ ojú X-ray gan-an. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ òde òní máa ń wọn ìmọ́lẹ̀ àwòrán fúnra rẹ̀. Bí o bá ti ki òjé bọ inú àwòrán, á rò pé aláìsàn ló nípọn, á wá fi kún X-ray tó ń tú jáde. Ọwọ́ rẹ gba púpọ̀, aláìsàn gba púpọ̀, ìwọ sì rò pé ìbọ̀wọ́ ń dáàbò bò ọ́.

Ní Vienna láyé àtijọ́, Guido Holzknecht wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi X-ray wo àpòlúkù èèyàn. Ṣíbí onígi ni wọ́n ń fi tẹ ikùn, ìwé àtijọ́ ṣì ń pè é ní ṣíbí Holzknecht. X-ray jẹ ọwọ́ ọkùnrin yìí títí wọ́n fi gé lára ẹ̀, òun náà ló sì pa á lọ́dún 1931. Ẹni tó ní ṣíbí lọ́wọ́ nìyẹn o.

Fi ọwọ́ wá ibi tó yẹ nígbà tí X-ray ò tàn. Bó bá ti fẹ́ tàn, ọwọ́ kúrò, kóònù tàbí ike wọlé.

ÌyáBọ́sẹ̀ | Ọjọ́rú, 9:15 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọsibítù. Mo ń wá ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo já síbí. Wọ́n ní kí màmá mi wá mu báríọ̀mù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti àpòlúkù àti ìfun kékeré. Ẹni ọdún 76 ni wọ́n, ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀. Nígbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ nípa títẹ ikùn, àyà mi já. Ṣé kò ní ṣe wọ́n ní jàǹbá? Wọn ò lè dojú bolẹ̀ rárá.

Nọ́ọ̀sìTítù | Ọjọ́rú, 10:02 àárọ̀

Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó yẹ kí àyẹ̀wò yìí ṣeé fara dà fún wọn. Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí.

Ní ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n tó wọlé, ẹ sọ fún rédíógíráfà pé ẹ̀yìn màmá ti tẹ̀, pé wọn ò lè dojú bolẹ̀. Ẹ má dúró kí wọ́n béèrè. Ẹ sọ gbogbo iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún wọn rí, kódà èyí tó ti pẹ́. Bí egungun wọn bá ti ṣẹ́ rí láìsí ìṣubú gidi, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú, torí wọn ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan kan lé wọn níhà. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání.

Wọ́n á ní kí màmá má jẹun láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ pe ọsibítù ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa lo oògùn, ẹ sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀. Kí wọ́n wọ aṣọ tí kò ní bọ́tìnì irin tàbí síìpù. Kí wọ́n tọ̀ kí wọ́n tó gun tábìlì. Àpò ìtọ̀ tó kún lábẹ́ kóònù, ìrora ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ kó ìrọ̀rí kan dání láti ilé. Mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ sọ fún màmá pé wọ́n láṣẹ láti ní "ó ń dùn mí" nígbàkígbà. Àwọn màmá wa máa ń rò pé àfojúdi ni, wọ́n á fún eyín pọ̀, ikùn á le bí pákó, àwòrán ò ní dáa, wọ́n á sì jẹ ìyà náà ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Nígbà tí ẹ bá délé, omi, omi, omi. Ìgbẹ́ wọn á funfun fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ má jáyà. Báríọ̀mù máa ń gbẹ nínú ìfun tí èèyàn ò bá mumi, ó sì lè dí èèyàn nígbẹ̀ẹ́. Bí inú wọn bá wá ń run wọ́n gan-an tàbí tí wọn ò yàgbẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ dá wọn padà.

ỌmọÈkìtìNíLeeds | Ọjọ́rú, 11:37 àárọ̀

Mo fẹ́ fi kún ti Nọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò lè dojú bolẹ̀, ẹ jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lápá ọ̀tún díẹ̀, kí wọ́n ki ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè gbé tábìlì dúró, kí àyẹ̀wò àpòlúkù wáyé lórí ìdúró. Bí wọ́n bá wà ní ìdúró, kóònù ṣì lè tẹ̀ ẹ́, kò sì ní í dùn ún lẹ́yìn.

Kẹ́mi, ẹ̀yìn tó tẹ̀ máa ń sún àwọn egungun ìhà sísàlẹ̀. Ibi tí o rò pé ikùn ni, ìhà ló lè wà níbẹ̀. Kọ́kọ́ fọwọ́ wá a.

ÌyáBọ́sẹ̀ | Ọjọ́rú, 12:20 ọ̀sán

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, Ọlọ́run á ṣe tiyín náà. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ti ìrọ̀rí yẹn ló wú màmá lórí jù.

Dókítà_Àyọ̀ká | Ọjọ́rú, 8:55 alẹ́

Ọ̀rọ̀ àyà tó ń já yẹn rán mi létí nǹkan kan tó yẹ kí Kẹ́mi mọ̀.

Lọ́dún 1896, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Röntgen rí X-ray, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Harvard, Walter Cannon, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ẹranko ní oúnjẹ tí wọ́n pò mọ́ bismuth kó lè rí i nínú X-ray. A ò tíì máa lo báríọ̀mù nígbà yẹn, ọdún 1910 ni Bachem àti Günther gbé ti báríọ̀mù jáde ní Jámánì. Cannon ń wo bí àpòlúkù ológbò ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ó wá kíyè sí i pé bí ológbò bá ti bínú tàbí tí ẹ̀rù bà á, àpòlúkù rẹ̀ á dákẹ́, kò ní mira. Bí wọ́n bá fọwọ́ pa á lára tó fara balẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbé èsì náà jáde lọ́dún 1898.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ológbò ni pé aláìsàn tó ń bẹ̀rù wa, báríọ̀mù lè jókòó sínú àpòlúkù rẹ̀ láìkọjá. Ìwọ á ní "ìfun rẹ̀ ń fà." A óò wá tún X-ray tàn, a óò tún tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù á tún bà á. Mo ti rí àyẹ̀wò ìfun kékeré tó jẹ odidi ọjọ́ nítorí pé ẹnì kan jágbe mọ́ aláìsàn láàárọ̀. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá ní kí ọwọ́ rẹ móoru, ara iṣẹ́ àwòrán ló ń sọ o. Ẹ má kà á sí inú rere lásán.

Ògbójú | Ọjọ́rú, 9:14 alẹ́

Ológbò 1898! Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi eléyìí ṣe ìbéèrè fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tiwa.

Kẹ́miYàráDúdú | Ọjọ́bọ̀, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ìròyìn lẹ́sẹẹsẹ: lónìí a ní ọkùnrin kan, ìfun kékeré. Mo bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ dà á dojú bolẹ̀ pẹ̀lú tówẹ̀lì. Ìpẹ̀kun ìfun kékeré hàn gedegbe, a ò tiẹ̀ lo kóònù. Ọkùnrin náà sùn lọ lórí tábìlì, ó hanrun.

Ọ̀gá fẹ́ ká ní bàlúùnù náà báyìí, àmọ́ owó tí wọ́n ń pè é kò ṣeé gbọ́. Ẹnì kan ní ibi iṣẹ́ wa ní ká yọ rọ́bà inú ẹ̀rọ ìwọ̀n ìfúnpá tó ti bàjẹ́, ká fi aṣọ rán àpò fún un, ká máa fi fọn ún. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́?

BàbáÀwòrán | Ọjọ́bọ̀, 6:11 ìrọ̀lẹ́

Ó ń ṣiṣẹ́. A ti lò ó rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí tábìlì òfìfo, fọn ún, ya X-ray rẹ̀. Bí ìlà tàbí irin kankan bá hàn lára ẹ̀, yí i padà tàbí kí o sọ ọ́ nù. Ìlà rọ́bà tó bá bọ́ sórí ìfun, dókítà á kà á sí àìsàn. Irin tó ń ti afẹ́fẹ́ pa, jẹ́ kó jìnnà síta.

Dókítà_Àyọ̀ká | Ọjọ́bọ̀, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Mo ti fẹ́ kà á sí àìsàn rí, Bàbá ò purọ́. Ẹ fi hàn ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ọsibítù yín kí ẹ tó lò ó fún èèyàn. Mi ò sì fẹ́ kí ẹ máa wo nọ́ńbà ìfúnpá tó wà lára ẹ̀ bí ẹni pé ó níye kan tó tọ́. Ojú aláìsàn àti ojú ẹ̀rọ ni kí ẹ máa wò.

ỌmọÈkìtìNíLeeds | Ọjọ́bọ̀, 7:05 alẹ́

Kí ibi tí ẹ ó ti tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ wà nítòsí ọwọ́ yín, kó ṣeé tú lẹ́ẹ̀kan náà. Tí aláìsàn bá ní "ó tó", kò gbọdọ̀ tún máa dúró kí afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ọ̀sìTítù | Ọjọ́bọ̀, 7:32 alẹ́

Àpò aṣọ yẹn, ẹ má rán an pa o. Ẹ jẹ́ kó ṣeé yọ, kí ẹ rán méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ máa fọ̀ ọ́ láàárín aláìsàn kan sí èkejì. Rọ́bà ní tirẹ̀, ẹ fi nǹkan apakòkòrò nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Báríọ̀mù tó bá kán sí i lára, ẹ fọ ọ́ kúrò kó tó gbẹ. Bó bá gbẹ tán, á máa hàn funfun nínú àwòrán ẹlòmíràn.

Kẹ́miYàráDúdú | Ọjọ́bọ̀, 7:50 alẹ́

Mo ti rí télọ̀. Ó ní aṣọ òwú tàbí náílọ́ọ̀nù?

Nọ́ọ̀sìTítù | Ọjọ́bọ̀, 7:58 alẹ́

Òwú. Náílọ́ọ̀nù á máa yọ̀ lábẹ́ ikùn.